Yàrá Tí Akínbọ̀wálé Tì Pa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ní abà kan lẹ́bàá Ìdànrè ni Akínbọ̀wálé ti ń dáko kòkó. Iṣẹ́ kò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbùkù òun láé.

Lọ́dún tí òjò kò dá, kòkó tí wọ́n sá kò rí oòrùn. Ó bu, funfun bí òwú hù bò ó. Àwọn ará abà da tiwọn nù. Akínbọ̀wálé kó tirẹ̀ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbo funfun náà kúrò, kí ó lè pò ó mọ́ kòkó tó dára fún títà. Eruku kún yàrá bí èéfín. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí fèrèsé.

Ó ní, “Kí Lájídé tó múlé tì wá lè yọjú wò mí, kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọdún?”

Bó ti ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún tí òjò bá pọ̀.

Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Ó rù kan eegun. Wọ́n fún un lóògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn, ó lò ó tán, kò sàn. Dókítà wá bi í léèrè irú eruku tó ń fà símú lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní koríko lásán ni òun ń ro. Dókítà tún bi í. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ni ikọ́ bá gbé e; ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì gba àárín ìka rẹ̀ yọ.

Ìyàwó rẹ̀, tó bá a wá sílé ìwòsàn, wo ẹ̀jẹ̀ náà.

“Bàbá Tọ́mọrí, ẹ sọ ọ́, àbí kí n sọ ọ́.”

Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ bá kọjú sí dókítà.

“Dókítà, kòkó tó ti bu ni wọ́n ń fẹsẹ̀ gbo, nínú yàrá tí wọ́n tì pa.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ìbátan olú tó ń hù lára igi jíjẹrà ni ohun funfun náà, eruku rẹ̀ sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó hù síbẹ̀. Oògùn ikọ́ ife kò lè pa á. Àyẹ̀wò mìíràn fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Dókítà ní, “Bàbá, ká ní ẹ ti tètè sọ ọ́ ni, kì bá tí jẹ yín tó báyìí.”

Oògùn tó tọ́ dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Kòkó rẹ̀ ń pọ́n lóko. Kò lè rìn débẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi èrú wá èrè, ẹ má sì fi ìtìjú purọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò yín sàn. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.