Ẹsẹ Tó Kù

Ìyá Tẹniọlá kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí òjìji rẹ̀ bá ṣáájú rẹ̀, á ní kó padà sẹ́yìn! Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, òun nìkan ló ń gba inú oko igi tíìkì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú alẹ́ o, Mà." Ohùn ọkùnrin ni, lẹ́yìn rẹ̀.

Kò bojú wẹ̀yìn. "Dúró síbẹ̀! Bó o bá jẹ́ ọmọ èèyàn, ka Sáàmù kẹtàlélógún kí n gbọ́!"

"Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á, Mà. Láti ìdí afárá lẹ̀rù yín ti ń bà mí."

Ẹ̀rín pa á. Wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn: òun á ka ẹsẹ kan, ọkùnrin náà á fi èyí tó tẹ̀ lé e dá a lóhùn, bí àlùfáà àti ìjọ. Wọ́n rọra ń kà á, wọ́n ń lọ. Àyà rẹ̀ balẹ̀. Ó tiẹ̀ ń bá ara rẹ̀ wí pé òun fura sí arákùnrin nínú Kristi. Ìgbà náà ló kíyè sí i pé abẹ́ ẹsẹ̀ òun nìkan ni ewé gbígbẹ ti ń dún pàrà-pàrà.

Síbẹ̀ ó ka ẹsẹ karùn-ún dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Tẹniọlá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Baba Ìjọ bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin nìkan mà ni mo rí."

Ó wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Ẹsẹ kan ló kù, ti ọkùnrin náà sì ni.

"Ẹ dákẹ́, Baba Ìjọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ ó parí tiẹ̀."

Láti orí gbogbo igi tíìkì, àìmọye ohùn gba ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìjọ tó kún fọ́fọ́.