Gbọ̀ngàn Bàbá Anthimos

"Kò sí àlùfáà kan ní gbogbo ilẹ̀ Gíríìsì tí mi ò lè tàn jẹ," ni Periklis wí fún àwọn òṣèré rẹ̀ nílé kọfí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ẹni tójú rẹ̀ gbẹ bó ṣe ń sunkún."

Òrùlé tíátà ìlú ti wó, ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Gbọ̀ngàn ìjọ nìkan ló kù tó ní orí ìtàgé, ọwọ́ Bàbá Anthimos, àlùfáà ìjọ náà, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Eré tí Periklis fẹ́ ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde jẹ́ àwàdà àtijọ́ nípa gbájúẹ̀ kan tó ń fi àdúrà jẹ ilé onílé run. Ó ti sọ ọ́ di ti òde òní: bí gbájúẹ̀ náà bá ti kúnlẹ̀, á kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò ara rẹ̀ ná.

"Ṣé àwọn ọmọ ìsinyìí mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?" òṣèré kan bi í.

"Wọ́n ń tẹ̀lé mẹ́fà lórí fóònù wọn," ni Evanthia tó ń tọ́jú aṣọ eré dáhùn. "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kàn lọ tọrọ gbọ̀ngàn náà bí èèyàn?"

"Ta ló ń fún ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí mi bí ẹni Ọlọ́run."

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ ọlọ́sẹ̀ méje tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, ó gbé ìwé eré àti lẹ́tà tó fi tọrọ gbọ̀ngàn lọ bá bàbá. Ó fẹnu ko àwòrán mímọ́, ó fẹnu ko ọwọ́ àlùfáà, ó ní láti kékeré ni ọkàn òun ti ń fà sílé Ọlọ́run. Bàbá Anthimos gbé kọfí fún un, ó ṣí ìwé eré náà, ó sì kà á fún ìgbà díẹ̀.

"Ohùn yín jinlẹ̀," ni bàbá wí. "Ṣé ẹ mọ orin ìsìn?"

"Òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí."

"Ẹni tó ń kọrin lápá òsì ṣọ́ọ̀ṣì ṣubú nígbà Kérésì, ìbàdí rẹ̀ dá. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó lọ kọrin lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó yá, ó ń lọ lọ́jọ́rú, ó sì ń lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Alága ìjọ ni alápatà kan ṣoṣo tó wà nílùú, torí náà Periklis ò lè ra ẹran nínú ààwẹ̀; ẹ̀wà àti èso ólífì ló ń jẹ. Àwọn òṣèré ń dánra wò lẹ́yìnkùlé Evanthia, láàárín aṣọ tó ń gbẹ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó béèrè ìwé àṣẹ.

"Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ló wà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu," ni bàbá wí. "Ìran kejì yẹn gùn díẹ̀, ẹ gé e."

"Bàbá ti ń rọ̀," ni Periklis sọ fún Evanthia.

"Ẹ̀yin náà ti ń rù."

Lọ́sẹ̀ kẹfà, àwọn ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn òkú wọn fún un pé kó bá wọn gbàdúrà. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán lórí ìkúnlẹ̀, torí wọ́n dúró tì í.

Ọdún Àjíǹde kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olórin apá òsì fi ọ̀pá tilẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Anthimos fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àṣẹ ránṣẹ́ nínú àpò ìwé kan.

"Ó gbà," ni Periklis wí. Àwọn òṣèré pàtẹ́wọ́. Ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sápò.

"Ẹ jẹ́ n rí i," ni Evanthia wí.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ ni Bàbá Anthimos ti buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbọ̀ngàn ṣófo, kí wọ́n máa wọlé bọ̀ lọ́la.