Ẹjọ́ Sípíkà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá Aránṣọ ò fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa ń dún kíkankíkan. Tí àwọn akọrin bá bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń dá a dúró, á káwọ́ gbera, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní inú ló ń bí i.

Inú ń bí i lóòótọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìjọ náà kì í gbà kí ọmọ ìjọ bá aráyé da nǹkan pọ̀, ìbáà ṣe ìyá tó bí i. Ọmọ náà á wọ aṣọ akọrin, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí ìyá rẹ̀. Ó ń dun ìyá náà wọra.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ariwo láàárín ìlú.

“Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni mo bá wá.”

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti sú òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀. “Ẹ má wulẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, màmá. Wọ́n rò pé Ọlọ́run dití ni. Ṣé ẹ tiẹ̀ ń rí oorun sùn?”

“Láti oṣù tó kọjá, oorun ò kùn mí.”

“Iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Ọwọ́ mi ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́.”

Òṣìṣẹ́ náà gbé fìlà rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká lọ. Òní ni wọ́n á mọ̀ pé ìlú yìí lófin.”

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni pásítọ̀ ti pàdé wọn, kò ní kí wọ́n jókòó.

“Ẹni tó ń fi ọjọ́ Olúwa rán yẹ̀rì ló wá fẹjọ́ wa sùn?”

“Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ ló ń dárúkọ Olúwa,” ni Ìyá Aránṣọ fèsì.

“Ọmọ yín ti kọ ayé sílẹ̀. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.”

“Pásítọ̀, ẹ gbé sípíkà yẹn wálẹ̀,” ni òṣìṣẹ́ náà wí. “Láti oṣù tó kọjá ni màmá yìí ò ti fojú ba oorun.”

Pásítọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. “Oṣù tó kọjá? Oṣù tó kọjá gan-an la yọ èyí tó kọjú sí fèrèsé rẹ̀. A ò lè máa da orin Ọlọ́run sétí ẹlẹ́dẹ̀.”

Òṣìṣẹ́ náà wòkè. Ihò ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Ó wá kọjú sí obìnrin náà. “Màmá, kí lẹ wá ń fẹ́ gan-an?”

“Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà síbẹ̀,” ni Ìyá Aránṣọ wí, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin tó kórìíra jù láyé, “ohùn ọmọ mi ló ń tibẹ̀ jáde.”