Ìdí Tí Verlin Fi Kúrò Nílé Ìwé

"Tún ìparí yẹn kà fún mi," ni Verlin wí lórí fóònù. Ó ti páàkì tírélà rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sílùú Dubuque ní Amẹ́ríkà kó lè gbọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Yunifásítì ti gba ọmọbìnrin náà wọlé. Ètò àkànṣe tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó mọ̀wé jù ló ń kọ àròkọ yìí fún, tó bá sì ti di aago méjìlá ọ̀sán, wọn ò ní gba àròkọ náà mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ó kà á: "Bàbá mi fi ilé ìwé girama sílẹ̀ kó lè bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀."

Verlin ní, "Yọ ibẹ̀ yẹn kúrò."

"Dádì, ibẹ̀ gan-an ló dùn jù."

"Wọ́n lé mi ni. Mo fa màlúù gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa. Ó gòkè wẹ́rẹ́, ó wá kọ̀ jálẹ̀, kò sọ̀ mọ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi rántí aago. "Kí ló dé tẹ́ ẹ wá parọ́ fún mi?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́ nígbà yẹn, o lóò lọ sílé ìwé mọ́. Mo sọ ìyẹn fún ẹ, o dìde, o gbé báàgì ẹ."

Ọmọbìnrin náà pa àròkọ náà rẹ́ látòkè délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òmíràn: "Irọ́ tí bàbá mi pa fún mi ni mo fi ka ìwé dé ibi tí mo dé yìí."

"Dádì," ló wí, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, "kí lorúkọ màlúù náà?"