Láti Àárín Pápá

Ayùn ni Àtòkèèrè ń pọ́n ní ilé ìlagi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ ní Àtòkèèrè, torí pé kò sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti lè bá a lórí pápá tí kò ní gbá a lọ sí ilé àwọn tí wọ́n ń bá gbá. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ti fọ́ gíláàsì ọ́fíìsì. Ó ti já aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀kankan ò tíì wọlé rí. Síbẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lẹ́sẹ̀, gbogbo èrò á dìde, wọ́n á máa wí pé, "Láti ibẹ̀. Láti ibẹ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gba tiẹ̀ ni kóòṣì, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbá èyí tó kẹ́yìn nínú líìgì ọdún náà, ó kó wọn jọ sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń to pákó sí.

"Ọ̀mì ni mo ń wá lónìí," ló wí. "Tí wọn ò bá ti nà wá, a ò ní já kúrò ní líìgì. Ẹ máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra yín lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀." Ó wá yíjú sí Àtòkèèrè. "Ìwọ, òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Wọn ò sọ pé òkèèrè la ti ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí lo gbọ́?"

"Pé kí n sún mọ́ ọn, sà."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bá a wá bàtà rẹ̀ jáde. "Ṣé ẹ máa ṣe ohun tí bàbá wí?" ló bi í.

Àtòkèèrè so okùn bàtà kan tán kó tó dáhùn. "Ogún ọdún ni bàbá mi fi la igi nílé ìlagi yẹn. Kò ṣi ẹyọ kan là rí. Ta lo gbọ́ tó ń dárúkọ rẹ̀?"

Obìnrin náà na bàtà kejì sí i.

Àwọn ará ilé búrẹ́dì ni wọ́n bá pàdé. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àtòkèèrè ṣe bí kóòṣì ti wí. Ó ń gbà á, ó ń fi í ránṣẹ́. Àwọn òǹwòran jókòó sílẹ̀. Àwọn kan ń yán. Ẹnì kan wá béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Bọ́ọ̀lù tó tún kàn án, ibi tó dúró sí ló ti gbá a. Ó fò kọjá òrùlé àtíbàbà náà. Gbogbo èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ìgbà náà ni kò ti wẹ̀yìn mọ́. Bó bá ti gbá a sójú ọ̀run, àwọn ará ilé búrẹ́dì á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, wọ́n á sì máa gbá a lọ síbi tí wọ́n ń gbá a lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́lé fún ilé ìlagi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, títí ó fi di ìbàdí mú.

"Ọkọ àbúrò mi," ó ké sí i, "padà wá ràn wá lọ́wọ́."

Àtòkèèrè ò gbọ́. Ìyìn ti kún etí rẹ̀. Kóòṣì náà ò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò dá lójú pé wọ́n pé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù wà ní àárín pápá gan-an. Rẹfurí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ni. Aṣọ́lé ilé búrẹ́dì ti fi ilé sílẹ̀, ó ń bá àwọn ará rẹ̀ mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọ́n sún bọ́ọ̀lù fún Àtòkèèrè. Ó wo iwájú, ó sì gbá a.

Bọ́ọ̀lù lọ sókè títí ó fi kéré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọnú àwọ̀n wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀.

Àwọn òǹwòran ya wọ pápá. Wọ́n gbé e lé èjìká, bàtà rẹ̀ kan bọ́, wọ́n sì ń jà sí i. Àwọn ará ilé búrẹ́dì pàápàá wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Aṣọ́lé wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kóòṣì nìkan ni kò dìde.

"Ìlara ni," ni wọ́n ń wí.

Ọ̀gá ilé ìlagi lọ bá a lórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, ẹ máa lọ sinmi. Irú ẹsẹ̀ yìí lẹ fẹ́ fi ṣòfò. Àtòkèèrè ni yóò máa kọ́ wọn láti òní lọ."

"Ẹ ṣeun, sà," ni kóòṣì wí, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn pákó wọn ibi tó ti gbá a dé ilé: mítà márùndínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, ó ti di ọgọ́ta. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, ó ti lé ní ọgọ́rin.

"Ṣé ọkàn yín balẹ̀ báyìí?" ìyàwó rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ibi tó ti ń fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń bọ̀.

"Wọn ò lè gbàgbé mi mọ́," Àtòkèèrè wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni lẹ́tà àwọn alákòóso líìgì dé, pé ayò mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan ni ilé búrẹ́dì fi na ilé ìlagi, àti pé ilé ìlagi ti já kúrò ní líìgì. Ọ̀gá kà á dé ìparí, ó dojú ìwé náà dé orí tábìlì, ó sì ránṣẹ́ pe Àtòkèèrè kó wá lo ẹ̀yìn ìwé náà fi ya àwòrán ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà gan-an nígbà tó gbá a.