Abẹ́rẹ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Dúró

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀gá tuntun wọ yàrá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rédíò, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ, tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, dá orin tó ń lọ lórí afẹ́fẹ́ dúró. Ó da aṣọ ìnudọ̀tí bo nǹkan kékeré kan lórí tábìlì, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ bá mi kà á sókè. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí mi jẹ́, mo sì gbàgbé awò ojú mi sílé."

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó kà á ketekete: ẹ̀rọ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọn yóò ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́la, wọn yóò sì ta ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Ẹ̀rọ fọwọ́ sí i.

Inú bí màmá náà. Àwọn apẹja etí omi ẹ̀yìn òkè kò ní ohun mìíràn tó ń kìlọ̀ ìjì fún wọn ju rédíò yìí lọ.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí bàjẹ́ lóòótọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló ń kánjú." Ó tọ́ka sí abẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n lójú ẹ̀rọ. "Kí nìyẹn?"

"Ìgbì rédíò ni abẹ́rẹ́ yẹn ń wọ̀n. Ìgbì ni alárù, ohùn ni ẹrù. Ìgbì kan náà ló ń jáde lórí òpó wa tọ̀sán-tòru. Bí ohùn bá ti gùn ún, á máa ga, á máa lọ sílẹ̀, bí ohùn yẹn bá ṣe ń ṣe. Rédíò inú ilé á wá sọ ẹrù kalẹ̀. Bí kò bá sẹ́rù, alárù á kàn máa rìn lọ́wọ́ òfo ni, abẹ́rẹ́ á dúró jẹ́ẹ́."

Ọ̀gá ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó na bírò sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i, jàre."

"N kò ní fọwọ́ sí i. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ẹ máa lọ sílé yín nìyẹn! Ta ló máa gbọ́ yín?"

Ó pariwo débi pé abẹ́rẹ́ fò sókè.

Ìyá Ẹ̀rọ ká aṣọ ìnudọ̀tí kúrò lórí máíkì, ó tẹ̀ síwájú, ó ní: "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohùn ọ̀gá wa lẹ ń gbọ́ látẹ̀ẹ̀kan, ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀."