Ẹ Bá Mi Dá Ariwo Ẹ̀ Padà

Oníbàárà mi àná ló ń fọwọ́ ti alùpùpù ẹ̀ bọ̀ yìí.

"Ṣé epo ló tán ni?"

"Rárá o. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ bá mi dá ariwo ẹ̀ padà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí òun náà ló ní ariwo yẹn ń fọ́ ìyá òun lórí! Sàlẹ́ńsà alùpùpù ẹ̀, ibi tí èéfín ń gbà jáde, ló lu. Mo jó gbogbo ihò ara ẹ̀ dí. Nígbà tó ń gùn ún lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́.

Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi ò ríran, ọ̀gá. Ariwo yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo ti ń wọlé, tí wọ́n á fi kúrò lọ́nà."

Ó wolẹ̀.

"Wọn ò kúrò lánàá."